Èwo la ó fi wọn crosstalk àti ìdàrú ohùn? RMAA, REW, QA403, APx, àbí ká kọ kóòdù tiwa

Bí ẹ bá ń tún amplifáyà ṣe, tí ẹ ń to ẹ̀rọ ohùn fún ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí tí ẹ ń ta DAC (ẹ̀rọ tó ń sọ nọ́ńbà díjítà di ohùn) kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìdí fóònù, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí oníbàárà máa sọ pé ohùn ń ha, tàbí pé òsì àti ọ̀tún ń wọnú ara wọn, tí etí tiyín ò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà yẹn lèèyàn ń wá ohun tó ń wọn ohùn. Nǹkan méjì ló sì sábà máa ń wá: ìdàrú, ìyẹn àwọn ìró tí kò sí nínú ohun tí a fi ránṣẹ́ àmọ́ tí ẹ̀rọ fi kún un, àti crosstalk, ìyẹn ohùn ọ̀nà òsì tó ń jò sínú ọ̀nà ọ̀tún, tàbí ti ọ̀tún tó ń jò sí òsì.

Láyé ìsinsìnyí, kò yẹ kéèyàn máa fọwọ́ yí bọ́tìnì láti ìró kan sí òmíràn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ á rán ìró jáde, á gbà á padà, á ṣírò, á bọ́ sórí èyí tó kàn, títí èsì á fi pé. Irinṣẹ́ tó ń ṣe irú ọ̀wọ́ ìdánwò aládàáṣe yìí wà látorí ọ̀fẹ́ títí dé orí owó tó lè ra mọ́tò. Bí ẹ bá bi mí, kì í ṣe èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù nínú ìwé ìpolówó ló yẹ kẹ́ ẹ mú. Ẹ wo ohun tí ẹ fẹ́ wọn, ẹ wo iye ìgbà tí ẹ máa wọn ọ́n, kẹ́ ẹ sì wo lóòdù tí ẹ máa so mọ́ ọn, ìyẹn ohun tí ẹ̀rọ máa gbé, bíi sípíkà, hẹ́dífóònù tàbí rẹ́sítọ̀. Lóòdù yẹn gan-an ló ń sọ ọ̀pọ̀ èsì crosstalk di irọ́.

Nọ́ńbà àti ohun tó túmọ̀ sí

Ìdàrú 1% ni −40 dB (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ohùn kan sí òmíràn), 0.1% ni −60 dB, 0.01% ni −80 dB, 0.001% ni −100 dB. Bó bá ṣe lọ sísàlẹ̀ tó ni ẹ̀rọ ṣe mọ́ tó. Lódìkejì, 10% ni −20 dB, ohùn tó ti bàjẹ́ tí kò nílò ẹ̀rọ kankan ká tó mọ̀. Ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ka agbára ọ̀pọ̀ amplifáyà kékeré. Ẹ wo chip TPA3116D2 ti Texas Instruments, tó kún inú àwọn amplifáyà kékeré tó ń ti Ṣáínà wá: 50 W fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń kọ sára páálí, inú ìwé chip náà ló ti wá, ní 21 V pẹ̀lú lóòdù 4 Ω, níbi tí ìdàrú àti ariwo ti di 10%. Ẹni tó bá ń wọn irú amplifáyà bẹ́ẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ tó ń rí −120 dB. Lóòdù tó lè gba iná gbígbóná ló nílò.

Ní ti crosstalk, abẹ́rẹ́ tó ń ka àwo orin àtijọ́ sábà máa ń ya òsì àti ọ̀tún sọ́tọ̀ ní 25 sí 30 dB péré, àwọn èèyàn sì gbádùn sítẹ́rió lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀rọ CD tó dáa ń kọjá 90 dB. Nítorí náà, bí ẹ bá rí −60 dB, ẹ má tíì ju ẹ̀rọ náà nù. Àmọ́ bí ẹ bá rí −60 dB lára ẹ̀rọ tí arákùnrin rẹ̀ láti inú páálí kan náà ń fún yín ní −85 dB, ẹ tú u, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ẹ̀rọ ìwọn

Ẹni tó máa dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ẹ fi wáyà kúkúrú so ẹnu tí ohùn ń gbà jáde lára irinṣẹ́ yín mọ́ ẹnu tó ń gbà wọlé, kẹ́ ẹ ṣe odindi ọ̀wọ́ ìdánwò náà, kẹ́ ẹ sì tọ́jú èsì rẹ̀. Ìsàlẹ̀ irinṣẹ́ yín nìyẹn, kò sí ohun tó rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ tí ẹ lè rí.

Báwo ló ṣe yẹ kí ìsàlẹ̀ náà jìnnà tó? Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ máa ń sọ pé 10 dB tó. Kò tó fún ìdàrú. Hámónìkì (ìró ìdàrú tó wà ní ìlọ́po méjì, mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti fíríkúẹ́ńsì tí a rán) irinṣẹ́ àti hámónìkì ẹ̀rọ tí a ń wọn lè ti ara wọn lẹ́yìn, wọ́n sì lè pa ara wọn rẹ́. Bí 10 dB bá wà láàárín wọn, èsì lè fi 2.4 dB burú ju òótọ́ lọ, tàbí kó fi 3.3 dB dáa ju òótọ́ lọ. Bó bá jẹ́ 20 dB, àṣìṣe náà kò ní pé 1 dB. Ti ariwo lásán rọrùn jù: ní 10 dB, 0.4 dB péré ló ń fi kún un. Ìdí nìyí tí soundcard olówó pọ́ọ́kú fi lè sọ pé DAC kan dáa ju bó ṣe rí lọ, tí ẹni tó wọn ọ́n á sì máa fi yangàn kiri.

RMAA

RightMark Audio Analyzer ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi kọ́ iṣẹ́ yìí. Windows nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́, ẹ̀dà tí ọ̀pọ̀ ń lò sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ní ìdánwò kan ṣoṣo, ó ń wọn bí ohùn ṣe tẹ́jú tó, ariwo, THD (ìdàrú gbogbo hámónìkì lápapọ̀), ìdàrú àárín ìró méjì, àti crosstalk, á wá fi ọ̀rọ̀ ìyìn tàbí ìbáwí sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo fi ń gbèjà rẹ̀ títí dòní ni fáìlì WAV rẹ̀. Ẹ lè ní kó gbé odindi ọ̀wọ́ ìdánwò náà sínú fáìlì kan, kẹ́ ẹ gbé e sórí fóònù, kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù, kó sì dá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ̀ láti inú ìró tó wà níwájú. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò. Nínú ìlànà ITU-T O.33, ẹ̀rọ tó wà ní ìdí wáyà níhìn-ín á kọ́kọ́ fi kóòdù ránṣẹ́ láti sọ irú ìdánwò tó ń bọ̀, ẹ̀rọ tó wà lọ́hùn-ún, bóyá ní ìlú mìíràn pàápàá, á sì wọn gbogbo rẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀.

Àbùkù RMAA ni pé kò mọ fólítì. Kò mọ̀ bóyá 0.2 V ló ń wọlé tàbí 2 V, bẹ́ẹ̀ ìdàrú amplifáyà ní 0.2 V àti ní 2 V kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí Windows bá tún lọ yí sample rate (iye ìgbà tí a ń ka ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) padà lẹ́yìn yín, èsì Windows lẹ máa kà, kì í ṣe ti ẹ̀rọ yín. Mo fọwọ́ sí i fún fífi DAC fóònù méjì wéra lórí tábìlì kan náà lọ́jọ́ kan náà. Mi ò fọwọ́ sí i fún èsì tí ẹ fẹ́ fi hàn ẹlòmíràn.

REW

Room EQ Wizard ti John Mulcahy, yàrá àti sípíkà ni wọ́n ṣe é fún, àmọ́ ó ti di irinṣẹ́ gidi fún wíwọn ẹ̀rọ pẹ̀lú. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux. Ẹ lè fi mítà wọn fólítì tó ń jáde, kẹ́ ẹ sọ fún un, láti ìgbà náà lọ fólítì gidi lá máa kà. Fèrèsé RTA rẹ̀, tó ń fi fíríkúẹ́ńsì hàn lójú ẹsẹ̀, ń to hámónìkì sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó wúlò ju iye THD kan ṣoṣo lọ: kejì tó ga lásán sábà ń tọ́ka sí nǹkan kan, kẹta tó ga sì ń tọ́ka sí nǹkan mìíràn. Ó tún lè fi ìró oníṣísẹ̀ wọn ìdàrú láti fíríkúẹ́ńsì kan sí èkejì, tàbí kó fi sweep (ìró tó ń gòkè láìdúró) kan ṣoṣo ya hámónìkì sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn gan-an.

Fún crosstalk, kò sí bọ́tìnì tí ẹ máa tẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ á parí. Ẹ rán sweep sí òsì nìkan, ẹ gba ọ̀nà òsì sílẹ̀, ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ gba ọ̀nà ọ̀tún, kẹ́ ẹ wá yọ dB ti òsì kúrò nínú ti ọ̀tún, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ṣe é láti ọ̀tún sí òsì. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, àmọ́ ohun tó ń fún yín ni àwòrán láti 20 Hz dé 20 kHz, kì í ṣe nọ́ńbà kan ní 1 kHz. REW ní API tí kóòdù lè fi máa darí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí API yẹn máa dá ṣe sweep, ó ń béèrè àṣẹ Pro tí wọ́n ń tà.

Ohun kan tó ń dẹkùn mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: koríko tó wà nísàlẹ̀ àwòrán FFT (ìṣírò tó ń tú ohùn sí àwọn fíríkúẹ́ńsì inú rẹ̀) kì í ṣe ariwo ẹ̀rọ yín. FFT onípọ́ńtì 65,536 ń pín ariwo kan náà sí àwọn àpótí tó pọ̀ débi pé ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi nǹkan bí 45 dB rẹlẹ̀ ju gbogbo ariwo náà lápapọ̀ lọ. Ẹni tó bá rí koríko ní −140 dB tó sì ń sọ pé ariwo ẹ̀rọ òun wà ní −140 dB, ẹ bá a wá nọ́ńbà THD+N (ìdàrú àti ariwo pọ̀) kà.

QA403

Níbi tí soundcard bá ti sú yín ni ẹ̀rọ QuantAsylum yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Àpótí kékeré ni, USB ló ń fún un níná, wọ́n sì ya iná rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti kọ̀ǹpútà, nítorí náà kò fi bẹ́ẹ̀ ń mú ariwo inú láptọ́ọ̀pù wọlé. Kò tó $1,000 kó tó kan owó ọkọ̀ àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù.

Nǹkan méjì ló mú kí n gbà pé ó tó owó rẹ̀ fún ẹni tó ń fi àtúnṣe amplifáyà jẹun. Àkọ́kọ́, ó ń gba tó 40 V rms wọlé láìjẹ́ pé ẹ fi rẹ́sítọ̀ pín in ní ìta. 40 V lórí 8 Ω ni 200 W. Soundcard tí ẹ bá fún ní ìdajì ìyẹn ti di òkú. Ìkejì ni pé ẹsẹ̀ àmì ìròpọ̀ àti ti àmì ìyọkúrò dá dúró fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an fún TPA3116D2 àti ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, torí pé àwọn wọ̀nyẹn kò ní ilẹ̀ (ground) lẹ́nu sípíkà. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń gbé ohùn. Bí ẹ bá so ilẹ̀ soundcard mọ́ ẹsẹ̀ àmì ìyọkúrò sípíkà irú amplifáyà bẹ́ẹ̀, ẹ ti so ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ nìyẹn. Bí orí bá yọ yín, chip á kàn dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti dáàbò bo ara rẹ̀.

Ní ti ìdánwò aládàáṣe, ó ní API, wọ́n sì tún ní sọ́fítíwíà Tractor tí wọ́n fi kóòdù rẹ̀ síta, níbi tí ẹ ti lè to ìdánwò léra kẹ́ ẹ sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ààlà tó gbọ́dọ̀ wà láàárín. Ẹni tó ń to amplifáyà ogún tàbí ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà ni mo rò pé wọ́n ṣe é fún.

APx

Audio Precision, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Beaverton, ìpínlẹ̀ Oregon, ní 1984, ni orúkọ tó wà nínú ilé ìwádìí àwọn tó ń ṣe chip àti DAC. APx555 wọn ń dé nǹkan bí −120 dB ní THD+N. Owó rẹ̀ sì jẹ́ ẹgbẹẹgbàárùn-ún dọ́là. Ọ̀nà ìṣiṣẹ́ Sequence rẹ̀ ni gbogbo àwọn yòókù ń gbìyànjú láti fara wé: ẹ to ìdánwò, ẹ fi ààlà sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́, ìwé èsì á jáde pẹ̀lú "ó yege" tàbí "ó kùnà." Ó mọ̀yàtọ̀ láàárín crosstalk nígbà tí ọ̀nà kan ṣoṣo ń gba ohùn àti crosstalk nígbà tí gbogbo ọ̀nà ń gba ohùn àfi ọ̀kan, èyí tí kò já mọ́ nǹkan lórí sítẹ́rió ṣùgbọ́n tó ṣe gbòógì lórí míísà onílà 16. Bí kì í bá ṣe owó ilé iṣẹ́ lẹ fẹ́ fi rà á, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín láàmú.

Kóòdù tiwa

Python, numpy àti sounddevice tó fún ẹni tó ń wọn irú ẹ̀rọ kan náà lójoojúmọ́. Kí ìṣírò lè mọ́, ẹ yan ìró tí yípo rẹ̀ á wọ inú FFT láìkù síbì kan: ní 48,000 Hz pẹ̀lú pọ́ńtì 65,536, àpótí 1,365 ni 999.76 Hz, ó sún mọ́ 1 kHz tó. Ìlànà AES17 náà ń lo 997 Hz dípò 1,000 torí pé ìyẹn kì í pín déédéé mọ́ sample rate. Ọgbọ́n yìí kò ṣiṣẹ́ bí fóònù bá ń fọn ìró tí soundcard mìíràn sì ń gbà á, nítorí aago méjèèjì kì í rìn bákan náà. Níbẹ̀, ẹ lo fèrèsé Blackman-Harris, ìyẹn ìṣírò tó ń rọ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìró kí FFT tó kà á.

| | Owó | Ó mọ fólítì? | Crosstalk | Ìdánwò aládàáṣe |
|---|---|---|---|---|
| RMAA | ọ̀fẹ́ | rárá | ó wà nínú ọ̀wọ́ | ọ̀wọ́ tirẹ̀ nìkan |
| REW | ọ̀fẹ́, Pro lówó | bí ẹ bá fi mítà kọ́ ọ | ẹ̀yin lẹ ń tò ó | API |
| QA403 | kò tó $1,000 | bẹ́ẹ̀ ni | ẹ̀yin lẹ ń tò ó | API, Tractor |
| APx555 | ẹgbẹẹgbàárùn-ún dọ́là | bẹ́ẹ̀ ni | oríṣiríṣi | Sequence |
| Python | àkókò yín | bí ẹ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ | bí ẹ bá kọ ọ́ | bó bá ṣe wù yín |

Ibi tí crosstalk ti ń tan èèyàn

Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó lè gbà yín lọ́wọ́ ìsopọ̀ tí kò dáa. Bí ọ̀nà tó yẹ kó dákẹ́ bá ṣí sílẹ̀ gbayawu láìsí ohun kan lẹ́nu rẹ̀, á máa fa ohùn bí eriali. Ẹ fi rẹ́sítọ̀ tó jọ ti orísun ohùn pa á lẹ́nu. 600 Ω wọ́pọ̀.

Lẹ́yìn náà ni lóòdù. Ẹ mú hẹ́dífóònù 32 Ω tí òsì àti ọ̀tún rẹ̀ jọ ń lo ilẹ̀ kan nínú jack 3.5 mm. Bí 0.1 Ω péré bá wà lójú ọ̀nà ilẹ̀ yẹn, iná òsì tó ń padà gba ibẹ̀ á gbé ohùn dìde níwájú ọ̀tún: 0.1 pín sí 32, ìyẹn −50 dB, bákan náà ní gbogbo fíríkúẹ́ńsì. Bí ẹ bá wọn DAC kan náà láìsí lóòdù, ó lè fún yín ní −90 dB. Nọ́ńbà méjèèjì jẹ́ òótọ́, àmọ́ ìkan nìkan ni etí oníbàárà yín máa gbọ́.

Crosstalk tó ń gba afẹ́fẹ́ àárín wáyà méjì kọjá yàtọ̀: ó ń fi 20 dB gòkè bí fíríkúẹ́ńsì bá di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ wo bọ́tìnì ohùn 50 kΩ tó ń yí òsì àti ọ̀tún pa pọ̀. Láàárín ìrìn rẹ̀ nípa iná, ìdènà tó wà lẹ́nu rẹ̀ ń dé 12.5 kΩ. Bí 10 pF bá so òsì mọ́ ọ̀tún níbẹ̀, ẹ máa rí bíi −62 dB ní 1 kHz àti −42 dB ní 10 kHz. Ẹ yí bọ́tìnì náà dé òkè pátápátá, bí orísun ohùn bá jẹ́ 100 Ω, −84 dB ni ní 10 kHz kan náà. Ọ̀wọ́ ìdánwò tó bá ń wọn 1 kHz nìkan pẹ̀lú bọ́tìnì lókè pátá á kéde pé amplifáyà yìí mọ́ tónítóní. Nítorí náà, ẹ fi 10 kHz kún un, ẹ sì wọn ọ́n pẹ̀lú bọ́tìnì níbi tí àwọn èèyàn ń gbé e sí.

Òmíràn wà tí fíltà ń bò mọ́lẹ̀. Fíltà tóóró tó ń gbọ́ 1 kHz nìkan dáa, torí láìsí i, ariwo lẹ máa kà, ẹ ó sì pè é ní crosstalk. Àmọ́ nínú amplifáyà class AB, ohun tó ń gba wáyà iná jò láti òsì sí ọ̀tún lè jẹ́ hámónìkì ju ìró gan-an lọ. Fíltà náà kò ní rí i. Ẹ ṣí FFT ọ̀nà tó dákẹ́, kẹ́ ẹ wo 2 kHz, 3 kHz sókè. Ìgbà míì, ibẹ̀ ni ìdí tí "òsì àti ọ̀tún ń wọnú ara wọn" wà.

Ẹ sì yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù kúrò nígbà tí ẹ bá ń wọn, pàápàá bó bá jẹ́ ínfátà lẹ ń lò. 50 Hz, 100 Hz àti 150 Hz tí ẹ bá rí nínú àwòrán, iná ló mú un wá.

Ta ló yẹ kó mú èwo

REW pẹ̀lú soundcard tó dáa, rẹ́sítọ̀ lóòdù 8 Ω tó lè gba wáàtì púpọ̀, àti rẹ́sítọ̀ méjì tó ń pín fólítì, ni mo máa fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, 100 W lórí 8 Ω ni 28.3 V, 10 kΩ pẹ̀lú 1 kΩ á sọ ọ́ di 2.6 V, tí ọ̀pọ̀ ẹnu line tí kì í ṣe ti fóònù lè gbà bí ẹ bá rọra yí gain sísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ amplifáyà tí kò ní ilẹ̀ lẹ́nu sípíkà lẹ ń rí jù, ẹ fo soundcard, ẹ lọ ra QA403. DAC fóònù lásán? RMAA tó, bí lóòdù 32 Ω bá wà lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn tó ń wá ẹ̀rọ àlòkù náà wà. HP 8903 ṣì dúró gbọin fún ìdàrú amplifáyà, kọ̀ǹpútà sì lè darí rẹ̀ láti ẹ̀yìn, àmọ́ ẹnu ìwọlé kan ṣoṣo ló ní, torí náà fún crosstalk, ẹ̀yin lẹ máa máa tú wáyà láti òsì lọ sí ọ̀tún. System One ti Audio Precision ní ẹnu méjì, ó sì lè dá ṣe ọ̀wọ́ ìdánwò. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá káàdì tó ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà wà nínú páálí, torí irú ihò tí káàdì yẹn ń wọ̀ kò sí lára láptọ́ọ̀pù kankan mọ́.